Ààfin Hamilton: Ilé tí Èédú Gbé Ró, tí Èédú sì Wó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òtítọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ìrì nìkan kọ́ ni í wó ilé. Ilé kan wà ní ilẹ̀ Skọ́tílándì nígbà kan rí tí a kò fi itọ́ mọ. Òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Iwájú rẹ̀ ní ìhà àríwá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 264, ó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 60. Ìrì kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Òjò àti òtútù ilẹ̀ náà kò mì ín. Síbẹ̀, nínú àwọn ọdún 1920, wọ́n wó ilé náà palẹ̀, wọ́n sì kó òkúta rẹ̀ kúrò. Ààfin Hamilton ni orúkọ rẹ̀. Bí ó ṣe dìde àti bí ó ṣe wó ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀nà tí a ti máa ń gbà sọ ìtàn rẹ̀ ní àbùkù kan tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn mọ̀.

Ìlú Hamilton wà ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Glasgow, nítòsí odò Clyde. Bí olùkọ́ kan kò bá tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ó ṣeé ṣe kí ó ti gbọ́ ti Blantyre tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni a bí David Livingstone sí ní 1813. Ìdílé Hamilton ni ó ni ilẹ̀ púpọ̀ ní àgbègbè náà. Dúùkù ni oyè wọn, kò sì sí oyè tí ó ga jù ú lọ láàrin àwọn ìjòyè ilẹ̀ náà, àfi ti ìdílé ọba. Ààfin ni wọ́n ń pe ilé wọn, bẹ́ẹ̀ ni onílé kì í ṣe ọba. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn: ààfin yìí kì í ṣe ti ìlú, tí àwọn ọmọ ìlú yóò péjọ láti tún un ṣe bí ó bá ń jò. Ohun-ìní ìdílé kan ṣoṣo ni. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á, wọn yóò tà á. Bí wọ́n bá fẹ́ wó o, wọn yóò wó o.

Ẹni tí ó sọ ilé àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀ di ààfin ní tòótọ́ ni Anne, obìnrin tí ó jogún oyè náà fúnra rẹ̀. A bí i ní 1632. Ogun tí ó wà láàrin ọba àti ìgbìmọ̀ aṣòfin gba baba rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní 1649. Arákùnrin baba rẹ̀ tí ó jẹ oyè náà tẹ̀ lé e gbọgbẹ́ ní ogun Worcester ní 1651, ó sì kú. Gbèsè ni ó kù fún Anne láti jogún, pẹ̀lú ilẹ̀ tí àwọn aṣẹ́gun ti gbà lọ. Òun àti ọkọ rẹ̀, William Douglas, fi ọ̀pọ̀ ọdún san gbèsè náà, wọ́n sì gba ilẹ̀ wọn padà. Ìgbà tí ọwọ́ wọn mókè ni wọ́n tó dáwọ́ lé ilé kíkọ́. Ní 1684 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, James Smith ni ó sì ya àwòrán ilé náà. Apá méjì nà jáde láti ara ilé náà bí ìgbà tí ènìyàn bá na ọwọ́ méjèèjì láti gba àlejò, ojú rẹ̀ sì wà ní ìhà gúúsù níbi tí oòrùn ti ń ràn. Nínú àwọn yàrá ńlá ibẹ̀, àwọn agbẹ́gilére fi pákó igi óákù bo ògiri, wọ́n sì gbẹ́ ọnà sí i lára. Obìnrin yìí kan náà ni ó gbé ilé-ìwé ìlú Hamilton sí ilẹ̀ tuntun ní 1714, tí ó sì fi í lé ìgbìmọ̀ ìlú lọ́wọ́. Ó kú ní 1716.

Lẹ́yìn ikú Anne, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí Alexander, Dúùkù kẹwàá, tó gorí oyè ní 1819. Alexander fẹ́ràn ohun ńláńlá. Ó ti ṣe aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Rọ́ṣíà rí, ojú rẹ̀ sì ti tó ààfin àwọn ọba. Ó fẹ́ràn Napoleon tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ó fi bẹ̀ ẹ́ sí Jacques-Louis David lọ́wẹ̀ pé kí ó ya àwòrán ọba náà fún òun, nígbà tí ogun ṣì wà láàrin Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwòrán náà parí ní 1812. Ní 1822, Alexander bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ilé Anne di ńlá. David Hamilton ni ayàwòrán-ilé tí ó bá a ṣe é. Wọ́n kọ́ iwájú tuntun sí ìhà àríwá, wọ́n sì to òpó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ìlà méjì. Òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan, gíga rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 25. Nínú ilé, wọ́n fi mábù dúdú ṣe àtẹ̀gùn.

Kí ni a lè sọ nípa iṣẹ́ yìí bí a bá fi ojú ọnà wò ó? Kò sí àní-àní pé ọwọ́ àwọn agbẹ́kùúta mọ́. Ẹni tí ó bá wo àwòrán fọ́tò ilé náà yóò rí i pé òpó wọ̀nyẹn kò ní ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe òpó nìkan. Ní ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú, tí oòrùn kì í sì í pẹ́ lójú ọ̀run ní ìgbà òtútù, Anne kọ ojú ilé rẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Alexander kọ ojú tirẹ̀ sí àríwá, níbi tí òjìji wà. Ilé Anne fẹ́ gba ènìyàn. Ilé Alexander fẹ́ kí ènìyàn wò ó, kí ẹ̀rù sì bà á. Mo gbà pé èyí èkejì ni ó tóbi jù, ṣùgbọ́n èyí èkíní ni mo kà sí ilé tí ó dára jù. Ìwọ̀n ni ẹwà ilé, ilé tí kò bá sì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ yóò máa bèèrè owó lọ́wọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ onílé.

Níbo ni owó náà ti wá? Ìbéèrè yìí ni àwọn tí ń kọ ìtàn ilé ńlá máa ń fi gbólóhùn kan kọjá. Ẹ jẹ́ kí a dúró tì í díẹ̀.

Apá kan nínú ọrọ̀ inú ilé náà wá láti inú ìrèké. Ní 1810, Alexander fẹ́ Susan, ọmọ William Beckford. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Beckford yìí nígbà tí baba rẹ̀, ẹni tí ó ti ṣe olórí ìlú London ní ìgbà méjì, kú ní 1770, tí ó sì fi àwọn oko ìrèké ní Jàmáíkà sílẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú, àti àwọn ọmọ wọn tí a bí sínú oko ẹrú, ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú oko wọ̀nyẹn. Beckford kò fi ẹsẹ̀ tẹ Jàmáíkà rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Owó ibẹ̀ ni ó fi ra ìwé, àwòrán àti ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye, òun ni ó sì fi kọ́ ilé aboríṣóńṣó kan sí Fonthill ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé yẹn ni òwe ìrì àti itọ́ bá mu gan-an, nítorí ìpìlẹ̀ ilé-ìṣọ́ rẹ̀ kò lágbára, ó sì wó lulẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 1825, lẹ́yìn tí Beckford ti tà á. Nígbà tí Beckford kú ní 1844, ìwé rẹ̀ àti ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Susan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ohun tí òógùn ẹrú rà ṣe di ohun tí àlejò ń wò ní Ààfin Hamilton.

Apá kejì wá láti inú èédú ilẹ̀, irú èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní Enugu ní 1915. Ìdílé Hamilton ti ní ibi ìwa-èédú àti ibi ìse-iyọ̀ ní Bo'ness láti ayé Anne. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ní àkókò yẹn, awa-èédú ní Skọ́tílándì kì í ṣe òmìnira. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1606 so òun àti àwọn tí ń se iyọ̀ mọ́ ọ̀gá wọn. Ẹni tí ó bá sá lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, ọ̀gá rẹ̀ lè mú un padà. Òfin 1775 bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó di 1799 ni òfin mìíràn tó tú gbogbo wọn sílẹ̀ pátápátá. Èmi kò sọ pé ìyà awa-èédú àti ti ẹrú Jàmáíkà dọ́gba. Wọn kò dọ́gba rárá, nítorí a kì í ta awa-èédú kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aya àti ọmọ rẹ̀ ní ọjà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé kan náà ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì gbé ró.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé iṣẹ́ irin àti ọkọ̀ ojú irin mú kí èédú àgbègbè Hamilton di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ kò nílò láti wọ kòtò. Yóò gba owó lórí ohun tí ẹlòmíràn bá wà jáde. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń wọ kòtò ń kú níbẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1877, afẹ́fẹ́ búburú gbiná nínú kòtò èédú kan ní Blantyre, ọkùnrin àti ọmọdékùnrin 207 sì kú. Ní 1887, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní kòtò Udston ní Hamilton, àwọn 73 sì bá a lọ. Kòtò wọ̀nyí kì í ṣe ti Dúùkù fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ mìíràn ni ó ń wà wọ́n. Mo dárúkọ wọn kí a lè mọ irú ayé tí ó wà ní òde ọgbà ààfin náà, ní ìrìn tí ẹsẹ̀ lè rìn dé.

Láàrin ìjàǹbá méjèèjì yìí ni gbàǹjo ńlá bọ́ sí. Gbèsè ti wọ Dúùkù kejìlá lọ́rùn. Ní 1882, ilé gbàǹjo Christie's ní London ta ohun ọ̀ṣọ́ ààfin náà fún ọjọ́ 17. Ìpín 2,213 ni wọ́n tà, owó tí wọ́n rí sì jẹ́ £397,562. Ìjọba Prussia ní ilẹ̀ Jámánì ra àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́, tí àwòrán tí Botticelli yà fún ìwé Dante wà lára wọn. Àwòrán Napoleon tí Alexander bẹ̀ ní ọjọ́sí kúrò ní ilé náà, ó sì wà ní Washington ní Amẹ́ríkà lónìí. Washington kan náà ni àwòrán Dáníẹ́lì nínú ihò kìnnìún, iṣẹ́ ọwọ́ Rubens tí ó ti wà ní ilé náà rí, wà. Nígbà tí ó yá, pákó gbígbẹ́ ara ògiri pàápàá kò dúró: yàrá ìjẹun ńlá ayé Anne lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Boston.

Òfìfo ilé ni ó kù, a sì fún un ní iṣẹ́ kan tí ó níyì kẹ́yìn: nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, Dúùkù kẹtàlá yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ṣùgbọ́n a ti gba awa-èédú láyè láti wà dé abẹ́ ilé náà. Ilẹ̀ tí a bá kó inú rẹ̀ jáde kò lè ṣàì rì. Wọ́n ní ilé náà kò ní pẹ́ wó, wọ́n sì tún tà lára ohun tí ó kù ní 1919, lẹ́yìn náà ni wọ́n wó o. Ìtàn tí a ń sọ níyí: èédú ni ó pa Ààfin Hamilton.

Ó yẹ kí a yẹ ẹjọ́ yìí wò dáadáa kí a tó gbà á. Alexander kọ́ ilé ibojì ńlá kan fún ìdílé rẹ̀ ní ìtòsí ààfin náà. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1842. Ó ra pósí òkúta àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, nígbà tí ó sì kú ní 1852, wọ́n fi oògùn tọ́jú òkú rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn Fáráò, wọ́n sì tẹ́ ẹ sínú rẹ̀. Èédú kan náà mú kí ilẹ̀ ibojì yẹn rì, débi pé ní 1921 wọ́n kó òkú òun àti ti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú Bent ní ìlú náà. Ṣùgbọ́n ilé ibojì náà kò wó. Ó wà níbẹ̀ títí di òní. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun, mo lọ wò ó. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ariwo náà yóò máa dún lábẹ́ òrùlé rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tí ń bèèrè ọ̀rọ̀ tí kò rí ẹni dáhùn. Láti ibẹ̀ mo wá ààfin náà lọ, pápá ìṣeré ni mo bá.

Bí ilé kan bá rì tí a sì fi í sílẹ̀, tí èkejì sì di wíwó, kì í ṣe èédú nìkan ni ó pa èkejì. Ìpinnu ni. Ilé náà ti tóbi ju owó tí ó lè tọ́jú rẹ̀ lọ. A ti ta ohun inú rẹ̀. Èédú abẹ́ rẹ̀ sì níye lórí ju òkúta orí rẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ni ín ṣírò èyí, wọ́n sì yan èédú. Ohun tí ó jẹ́ ìyàlẹ́nu nínú rẹ̀ ni pé ìṣirò kan náà ni ó kọ́ ilé náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ń ṣírò ohun tí a lè rí gbà láti inú ilẹ̀ àti lára ènìyàn. Nígbà tí ìṣirò náà dé abẹ́ àtẹ̀gùn mábù, ó kàn ṣe bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni.

Báwo ni àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ṣe ń sọ ìtàn irú ilé báyìí? Ní 1974, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní London ṣe àfihàn kan nípa ìparun àwọn ilé ńlá ìgbèríko láti 1875 sí 1975. Wọ́n ṣe àwòṣe òpó tí ń wó, wọ́n sì gba ohùn sílẹ̀ tí ń ka orúkọ àwọn ilé tí ó ti wó, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ń ka orúkọ òkú. Àfihàn náà ṣe rere púpọ̀, nítorí ó jí ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ààbò àwọn ilé tí ó kù. Èmi kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ṣe àkíyèsí ohun tí wọ́n yàn láti kà. Àwọn ẹrú Jàmáíkà pẹ̀lú ní orúkọ. Láti 1817 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìjọba ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, àwọn ìwé náà sì wà. Nígbà tí òfin 1833 fòpin sí oko ẹrú, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya £20,000,000 sọ́tọ̀ fún àwọn olówó ẹrú, àwọn ẹrú fúnra wọn kò sì gba kọ́bọ̀. Ìtàn tí ó mọ iye ìpín tí a tà ní gbàǹjo, tí kò sì mọ orúkọ ẹnìkan ṣoṣo nínú àwọn tí iṣẹ́ wọn rà á, ìtàn ààbọ̀ ni.

Àṣìṣe mìíràn tún wà ní òdìkejì. Ẹlòmíràn yóò gbọ́ gbogbo èyí, yóò sì wí pé ó dára tí ilé náà wó, kí ó lọ rere. Èmi kò fara mọ́ èyí náà. Wíwó tí wọ́n wó o kò san gbèsè fún ẹnikẹ́ni. Kò dá ọmọ kankan padà fún ìyá rẹ̀ ní Blantyre, kò sì fún ọmọ ẹrú ní sààrè kan ilẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére àti agbẹ́kùúta tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ẹwà inú rẹ̀ kì í ṣe dúùkù. Iṣẹ́ tiwọn pẹ̀lú ni ó parun. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ilé náà jẹ́ ẹlẹ́rìí. Bí ó bá wà síbẹ̀, a lè mú ọmọ ilé-ìwé wọnú rẹ̀, kí a na ìka sí òpó, kí a sì bi í pé ta ni ó sanwó rẹ̀. Nígbà tí a bá pa ẹlẹ́rìí, ẹni tí ó jẹ̀bi nìkan ni ara máa ń tù.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ ilé òkèèrè yìí wá sí iwájú yín. Nínú ìbẹ̀wò tí mo máa ń ṣe sí ilé-ìwé, mo ti gbọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn tí ó jẹ́ kìkì orúkọ àti ọdún: ta ni ó jẹ, ta ni ó tẹ̀ lé e, ilé wo ni ó kọ́. Àwọn ọmọ mọ̀ wọ́n sórí, wọ́n sì kà wọ́n láìṣìnà. Ẹ̀kọ́ náà kò burú, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ó ga tí ẹ bá kọ́ wọn, ì báà jẹ́ ilé, ì báà jẹ́ afárá, ì báà jẹ́ ìjọba, ẹ jẹ́ kí wọ́n bèèrè ohun mẹ́ta nípa rẹ̀: orí kí ni ó dúró lé, ta ni ó gbé e ró, kí ni a sì san fún ẹni náà? Ọmọ tí ó bá mọ ìbéèrè mẹ́ta yìí lè gbàgbé ọdún tí a kọ́ Ààfin Hamilton, kí ó sì mọ ìtàn rẹ̀ síbẹ̀.